Mo Sọ Pé Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Lè Bímọ Mọ́

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nílùú òyìnbó ni bí wọ́n ṣe ń yí ọkùnrin tó dàgbà tó láti bí mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì láì ṣe é léṣe. Ọwọ́ kan léjìká, ọwọ́ kan ní ìbàdí, kí n sọ fún un pé mo fẹ́ yí i, kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó fà á. Ìyẹn ò ṣòro. Ohun tó ṣòro fún mi ni orúkọ rẹ̀. Dẹ́rẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni kí èmi máa pè é, láìfi "sà" tàbí "bàbá" ṣíwájú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ńṣe ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ tí mò ń wúkọ́.

"Ikọ́ yìí ò lọ o," Dẹ́rẹ́ẹ̀kì á ní. "Wọlé, kó o wá fi ràn mí."

Mo mọ̀ pé àwọn tó wà nílé rò pé òtútù ló kọ́kọ́ ń ba èèyàn níbí. Òtútù wà lóòótọ́, ó sì ń wọ inú eegun, àmọ́ òun kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí. Ara ló bà mí: ara àgbà ọkùnrin ní ìhòòhò, lójú mọmọ, tí èmi ọmọ obìnrin ń fi aṣọ tútù nù bí ẹni ń nu tábìlì. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, tó bá ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Odigbo, ọ̀nà iwájú ni gbogbo wa máa ń gbà títí tó fi máa ṣe tán. Mo kàwé gboyè nínú ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo lè ṣàlàyé ìdí tí kòkó fi ń wọ́n lọ́dún kan tó sì ń pọ̀ lọ́jà lọ́dún kejì. Kò sẹ́ni tó bi mí. Bí mo ṣe máa pààrọ̀ àpò tó ń gba ìtọ̀ lẹ́nu rọ́bà ni wọ́n kọ́ mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Mo sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi di ariwo lásán létí mi.

Àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ti fọ́ ló wà nílé ìtọ́jú náà. Ẹlòmíì já láti orí àkàbà, ẹlòmíì já láti orí ẹṣin. Ọjọ́ tí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn fún mi, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lọ, mo jókòó, mo sunkún. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé àánú wọn ló ṣe mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rántí.

*

Bọ̀dá Akin ni ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Akọpẹ ni. Ní Omifunfun, níbi tí oko bàbá wa wà, wọ́n máa ń sọ pé tí Akin bá ti gbá igbà mọ́ ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ, kí wọ́n ti gbé omi epo kaná. Igbà yẹn, okùn líle tó ń fi gun ọ̀pẹ, òun ló so mí mọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún márùn-ún, torí ìdì ẹyìn tó ń gé sílẹ̀ ni mo fi kàwé. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìtàkùn igbà náà tú lọ́wọ́ rẹ̀ lókè. Ó fi ìdí balẹ̀ lórí gbòǹgbò.

Àwọn tó wà lóko sáré. Wọ́n gbé e jókòó sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì síbí síbẹ̀, wọ́n gbé e gba ọ̀nà oko tó rí gbágungbàgun wá sí ọsibítù ní Ore. Wọ́n ṣe é torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Nísinsìnyí tí mo ti mọ̀ pé pákó tó tẹ́jú la fi ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀, pé a ò gbọ́dọ̀ mi orí rẹ̀ pàápàá, mi ò lè rí ọ̀kadà lójú oorun mi kí n má jí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n fi ìmọ̀ yẹn ṣe?

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣègbéyàwó ló ṣubú. Mosún nìyàwó rẹ̀, ọmọ Àgọ́ Aláyè, ẹgbẹ́ èmi náà ni. Nílé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó, ló bá sọ mí ní Akọ̀wé torí pé ìwé ló sábà máa ń bá lọ́wọ́ mi. "Akọ̀wé, ẹ wá jẹun." "Akọ̀wé, ẹ bá mi di orí àpò yìí mú." Òun ló ń wẹ Bọ̀dá Akin, tó ń yí i, tó ń wẹ egbò ìdùbúlẹ̀ rẹ̀. Èmi máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò wẹ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí, mo wá rìnrìn àjò wá síbí láti wá máa wẹ ẹ̀gbọ́n ẹlòmíì. Èrò yẹn máa ń wá sọ́kàn mi tí mo bá ń fún aṣọ, ó sì máa ń rẹ̀ mí ju iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

*

Yàrá tí mo gbà wà lókè ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń dín ẹja. Gbogbo aṣọ mi ń rùn bí ẹja díndín. Tí mo bá ń rìn bọ̀ láti ibiṣẹ́, mo máa ń gbé fóònù sétí láìpe ẹnikẹ́ni, kí àwọn tí mò ń pàdé lè rò pé mo lẹ́ni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo tilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Yorùbá bíi mélòó kan wà, èèyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ Yorùbá tiwọn yàtọ̀, Ìkálẹ̀ ni etí mi ń wá. Mo ń wá kí ẹnì kan bú mi lédè Màámi.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, la máa ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Màámi bi mí ní ìbéèrè náà. Ó kọ́kọ́ béèrè nípa oúnjẹ, ó béèrè bóyá mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìwọ tó ń tọ́jú irú wọn. Ṣé irú wọn máa ń bímọ?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí èèyàn. Mo mọ àwọ̀ tí ìtọ̀ máa ń ní tí àìsàn bá ti wọ inú rẹ̀. Mo ti rí àwọn ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ pé mo ti fọwọ́ kan àwọn nísàlẹ̀, mo sì ti fi ìrònú ara mi parí ìyókù. Mi ò bi dókítà kankan. Àmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè tí mo lè dáhùn, ìyá mi sì wá ń fi ohùn bẹ́ẹ̀ bi mí, bí ẹni pé mo ti di nǹkan.

"Rárá, Màámi. Tí ẹ̀yìn bá ti fọ́ báyẹn, ibẹ̀ ti kú nìyẹn."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Iṣẹ́ mi ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ mi ti dé Ore. Bàbá Ore, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, òun ni olórí ẹbí wa. Ó wá sí Odigbo, ó pe Mosún. Ó ní ọmọdé ni, pé ọmọ wọn tó wà lókè òkun ti wádìí ọ̀rọ̀ Akin débi tó lópin, kó máa lọ fẹ́ ẹlòmíì, pé ẹbí ò ní bínú.

"Kí ni Mosún wí?" mo bi Màámi.

"Ilẹ̀ ló ń gbá nígbà yẹn. Ó ní kí Bàbá gbé ẹsẹ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín dáadáa, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

*

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ni ìbànújẹ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ọ̀gá wa ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n lò jù nínú àwọn tuntun. Mo rí iṣu rà, iṣu gidi, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo, mo sùn láìronú. Lọ́jọ́ kan, mo wọ yàrá Dẹ́rẹ́ẹ̀kì láìwúkọ́, ó sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́ yẹn náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń mú un wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, á gun orí itan bàbá rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, á ní kó wa òun káàkiri. Mo ti ń rí i láti ìgbà tí mo dé. Mo wá sọ, kí n ṣáà lè sọ nǹkan, pé ó mà dáa o, pé Ọlọ́run ti fún un lọ́mọ kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀.

Dẹ́rẹ́ẹ̀kì wò mí. "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún kọkànlá rèé tí mo já láti orí alùpùpù."

Mo dúró pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́. Mo ń ṣírò, ó sì ń wò mí bí mo ṣe ń ṣírò.

"Wọ́n ní o lọ sí yunifásítì," ó ní. "Ó yẹ kó o ti rí ìdáhùn."

Ẹ̀rín ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń rín. Èmi ò lè rín.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀, ará Gánà ni. Mo lọ bá a nígbà ìsinmi. Ó ń jẹ búrẹ́dì, kò sì dá oúnjẹ dúró nítorí mi. Ó ya ìlà gígùn kan sẹ́yìn bébà.

"Gbogbo ẹ̀yìn tó fọ́ kọ́ ló fọ́ bákan náà," ó ní. "Mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn nìyí. Òun ló ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán lọ sísàlẹ̀. Níbi tó bá ti já, iṣẹ́ náà ò kọjá mọ́. Àmọ́ kóró ọkùnrin ò dúró de iṣẹ́ yẹn kó tó ṣe àtọ̀. Ó ń ṣe é lọ ní tirẹ̀."

"Ibo wá ni ìṣòro wà?"

"Ọ̀nà àbájáde." Ó ní nǹkan ọkùnrin ẹlòmíì á le tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ẹni tó ni ín ò sì ní mọ̀; ti ẹlòmíì ò ní le, tàbí kó le kó má pẹ́, oògùn sì wà fún ìyẹn. Ó ní èyí tó pọ̀ jù ni pé àtọ̀ kì í jáde fúnra rẹ̀, tàbí kó yí padà sínú àpò ìtọ̀, pé èyí tó bá sì jáde lè má lókun tó láti rìn dé ibi tó ń lọ. Àwọn dókítà ní ẹ̀rọ kan tó ń gbọ̀n tí wọ́n máa ń fi mú un jáde, wọ́n ní ti iná mànàmáná, tí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́ wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á látinú kóró, wọ́n á wá gbé e sínú ilé ọmọ tàbí kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ẹyin obìnrin níta. Abẹ́rẹ́ ni ti Dẹ́rẹ́ẹ̀kì.

"Tó o bá lẹ́nì kan nílé," ó ní, ó sì wò mí dáadáa, "sọ fún un pé tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá fọ́ lókè, láti àárín àyà sókè, kó má dán ẹ̀rọ kankan wò láìsí dókítà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru sókè lójijì. Ó lè pa á."

"Kò sí ẹni tó ń rí i ṣe láìsí ẹ̀rọ?"

"Àwọn kan wà. Tí mùdùnmúdùn ò bá já tán. Wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà."

Bọ̀dá Akin máa ń mọ̀ tí omi bá gbóná ní itan rẹ̀ ti òsì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Mo ní màá sọ fún Màámi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ Ìsinmi dé, Màámi ń yọ̀ torí pé òjò rọ̀, mo ní kí n má ba inú rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ìkẹta, mo ń dúró kó tún bi mí, kò bi mí. Mo ń wá ọ̀nà tí mo fi lè sọ ọ́ tí kò fi ní hàn pé irọ́ ni mo pa tẹ́lẹ̀, torí mo mọ̀ pé lójú wọn, ohun kan ṣoṣo tí mo ti rán sílé tó níyì ni ìmọ̀ yẹn. Ọjọ́ Ìsinmi méje ló kọjá báyẹn. Ó rọrùn láti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Lójoojúmọ́ nígbà yẹn, ó ń wúwo lórí mi, mo sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ bí ẹni gbé ẹrù tí kò mọ ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí.

*

Ọjọ́rú ni Màámi pè, kì í ṣe ọjọ́ wa. Mo ń jẹun lọ́wọ́ níbiṣẹ́.

"Mosún ti lóyún."

Mo dìde dúró.

"Oṣù mẹ́ta. Bàbá Ore ti pe gbogbo ẹbí jọ. Wọ́n ní kó sọ ẹni tó ni ín, ó ní ọkọ òun ni. Wọ́n ní ọkọ wo, ṣé èyí tí àbúrò rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ti kú? Wọ́n ní kó fi Bíbélì búra. Ó ní òun ò ní fi Bíbélì búra nítorí oyún ọkọ òun, bí ẹni jalè. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Àgọ́ Aláyè."

"Màámi, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ sọ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Àmọ́ ìwọ lo sọ fún mi."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò bá mi wí. Mo jókòó padà, mo ti oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe Bọ̀dá Akin. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé, kò ràn mí lọ́wọ́.

"Bọ̀dá, ẹ kú ilé. Ẹ má bínú, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ̀yin àti ìyàwó wa... lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣubú... ṣé ẹ ti..."

"Ìwọ ọmọ yìí."

"Bọ̀dá, iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ ẹ ni kó o máa bi ẹ̀gbọ́n ẹ ohun tó ń ṣe nínú yàrá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo gbọ́ tí ó fi imú rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

"Mosún ni kì í gbà pé ó ti parí," ó ní. "Mo ní kí la fẹ́ gbìyànjú, ó ní kí n dákẹ́. Nígbà míì, ó máa ń le. Èmi kì í mọ̀, òun ló máa ń sọ fún mi, á ní, 'Ẹ wò ó, àlejò ti dé.'"

Etí mi gbóná. Mo ṣáà tẹ̀ síwájú. "Ṣé nǹkan jáde?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Òun ló ní ó jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀yin ṣáà wà níjókòó nígbà tí wọ́n ń bá a wí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Torí ìwọ," ó ní. "O ní ibẹ̀ ti kú. Mo wá ń rò ó pé bóyá Mosún kàn ń fi tù mí nínú ni. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ó yíjú sí mi kí n sọ̀rọ̀. Mo wo ilẹ̀."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìlà tí nọ́ọ̀sì yà, Dẹ́rẹ́ẹ̀kì, itan rẹ̀ òsì. Mo sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ méje ni mo ti mọ̀. Kò bú mi. Ó ní, "Ó dáa, jẹ́ kí n pè é," ó sì gbé fóònù sílẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì dùn, kò sì korò, ó kàn dà bíi ti ẹni tó fẹ́ tètè dé ibì kan.

*

Mo wá pe Bàbá Ore, ó gbé fóònù sórí tábìlì káwọn àgbà tó kù lè gbọ́. Mo ń gbọ́ ìró òòlù lára irin táyà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kí i, mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí kò ti lè rí mi, mo ní àṣìṣe ni ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé mùdùnmúdùn, mo ṣàlàyé àpò ìtọ̀, mo ṣàlàyé abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Tí ẹ̀rù bá ń bà mí, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró.

"Dókítà," Bàbá Ore ní. "Nígbà yẹn o ní kò lè bí. Nísinsìnyí o ní ó lè bí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́, ṣé wàá ní ìbẹta ló fẹ́ bí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn ni."

"O ò mọ̀, o sì sọ̀rọ̀. Ó dáa. Àní kí n bi ẹ́: ṣé ó dá ẹ lójú pé ọmọ Akin ni?"

"Bàbá, ó ṣeé ṣe dáadáa. Àwọn tí tiwọn ò bá já tán..."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ó ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ lónìí. Ṣé ọmọ Akin ni?"

Mo la ẹnu. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì àti níbiṣẹ́ ló ń sọ fún mi pé ẹni tó bá lóòótọ́ kì í sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Mo ti sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ nígbà kan, ẹ wo ibi tó gbé wa dé. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe, sà."

"A ti gbọ́," ó ní, ó sì pa fóònù.

*

Mosún ò gbé ìpè mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún ó gbé e.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí."

Kò pè mí ní Akọ̀wé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀, mo ní mo mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, mo ní ojú ló tì mí, mo ṣàlàyé bí ojú ṣe tì mí, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo ń gbọ́ adìyẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan ń bi í bóyá ó ti jẹun.

"Ọkọ mi ti pè mí," ó ní. "Ó sunkún, mo sì bá a sunkún. Ọ̀rọ̀ tiwa ti tán. Tiyín ló kù, ẹ̀yin ẹbí. Wọ́n ní ẹ ṣàlàyé gan-an fún Bàbá Ore."

"Mo sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe, ìyàwó wa. Mo sọ fún wọn dáadáa."

"Èmi mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, Àǹtí. Inú mi ló wà."

Mo tún ní kó má bínú.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ó ní. "Ká ní òyìnbó yẹn ò bímọ, ká ní nọ́ọ̀sì yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín. Kẹ́ ẹ kàn gbọ́ pé mo lóyún, pé mo ní ti ọkọ mi ni. Ṣé ẹ̀ bá gbà mí gbọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i pé ìdáhùn yẹn ti wà lẹ́nu mi, ó sì rọrùn, bí èyí tí mo fún Màámi lọ́sẹ̀ karùn-ún yẹn ṣe rọrùn. Mo rò ó wò. Mo rí ara mi bí mo ṣe máa gbọ́ ọ, bí mo ṣe máa káàánú ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe máa dákẹ́.

"Rárá," mo ní. "Mi ò bá tí gbà ọ́ gbọ́."

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ò parọ́." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Obìnrin tó ń wẹ èèyàn láràárọ̀, tó ń yí i, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí, ẹ mọ bó ṣe rí. Wọ́n ní kí n máa lọ, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mi ò lọ. Tí mo bá fẹ́ ẹlòmíì, kí ló dé tí mo fi máa jí i fẹ́?"

Kò sí ohun tí nọ́ọ̀sì ará Gánà sọ fún mi tó ye mi tó ìyẹn. Mo wà níbẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀, mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo rí gbogbo rẹ̀. Mo ti ní ìmọ̀ tí wọ́n ń bi mí kí n tó kúrò ní Odigbo.

"Nísinsìnyí ńkọ́?" ó ní.

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

"Torí nọ́ọ̀sì."

"Torí pé ìwọ lo sọ ọ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ wá lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kí n tó tún gbá ilẹ̀ ní Odigbo, ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo jáde síta ilé ìtọ́jú náà, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀, mo pe Ore. Ó dún títí kó tó gbé e.

"Dókítà," Bàbá Ore ní. Òòlù ń dún. "Kí ló tún yí padà?"

"Bàbá, Bọ̀dá Akin ló ni oyún yẹn."

Ó ń dúró kí n máa bá a lọ. Mo mọ̀ pé ó ń dúró, torí ó ti mọ̀ mí. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Mo gbọ́ tí ó ní kí wọ́n dá òòlù dúró.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Mosún ló sọ ọ́, sà."